Ibo ni mo ti lè máa sáré jẹ́jẹ́ nínú igbó lápá Abbey Wood yìí?

ÌyáÌbejì_SE2:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo wá fọ̀rọ̀ lọ̀ yín ni. Abbey Wood ní London ni mò ń gbé, nísàlẹ̀ níbi rélùwéè. Dókítà mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò tíì burú, àmọ́ oògùn nìkan ò lè dá a ṣe, àfi kí n máa lo ara. Mo ti ń sáré díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá títì. Èéfín mọ́tò ńkọ́? Iná tráfíìkì tó ń dá mi dúró ńkọ́? Èyí tó wá burú jù ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó máa dá mọ́tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Sister, ta ló ń lé yín? Ẹ wọlé ká gbé yín." Ó sú mi!

Ọ̀nà inú igbó ni mo fẹ́, èyí tó yípo, kí n bẹ̀rẹ̀ níbì kan kí n sì já síbẹ̀ padà láì tún ipasẹ̀ ara mi tọ̀. Kó má gùn jù, kó má le. Ẹni ọdún 47 ni mí, mi ò bá ẹnikẹ́ni du ife-ẹ̀yẹ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ajá, ẹrẹ̀, àti kí n má lọ sọnù. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi ní Ṣágámù lórí fóònù, wọ́n ní, "Igbó wo? Kí lo gbàgbé síbẹ̀?"

Àrẹ̀mú_Plumstead:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń gbé etí odò, ẹ wá ń fi itọ́ ṣanwọ́. Lesnes Abbey Woods ló wà lẹ́yìn ilé yín yẹn! Láti rélùwéè, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn débẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí ni àwókù ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì tí Richard de Luci dá sílẹ̀ ní 1178, ògiri òkúta tó ṣẹ́kù lórí pápá. Tẹ́ ẹ bá dúró níbẹ̀ tẹ́ ẹ kọjú sí ọ̀nà odò Thames, ẹ ó máa wo àwọn ilé gogoro London lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀yìn àwókù yẹn ni igbó ti bẹ̀rẹ̀. Òpó onígi tí wọ́n kọ Green Chain sí lára, ìyẹn orúkọ ọ̀nà ìrìn tó gba inú àwọn igbó apá ibí, wà lójú ọ̀nà, òun ló máa júwe fún yín. Ẹ gun òkè, ẹ yí inú igbó po, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì, àwókù náà lẹ máa já sí. Ẹ ò lè sọnù níbẹ̀. Tí ojú bá dà rú, ẹ ṣáà máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá odò.

Ẹsẹ̀Yá:

Àrẹ̀mú, má tan ìyá oníyàá jẹ. Lesnes dára, mi ò bá ẹ jiyàn. Àmọ́ ẹni tó ní òun fẹ́ ibi tí kò le, ìwọ wá ń rán an lọ gun òkè yẹn? Láti ibi àwókù yẹn lọ sókè, èmi tí mo ti ń sáré ọjọ́ ti pẹ́, ìrìn ni mo máa ń rìn ín. Ẹni tí kò tíì mọ́ lára á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ kó tó wọnú igbó dáadáa, á sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé eré sísá kì í ṣe tòun. Mo mọ àwọn tó ti torí irú ọjọ́ àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ sọ bàtà ìsáré di bàtà ọjà.

Òkúta tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Lesnes kún fún òkúta wẹ́wẹ́ dúdú, roboto bí ẹyin àparò. Inú òkun ni ilẹ̀ yẹn wà láyé àtijọ́, ó lé ní mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn. Títí dòní àwọn ọmọdé ṣì ń ṣa eyín ẹja ṣáàkì níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, òkúta yẹn á yí lábẹ́ bàtà, ọrùn ẹsẹ̀ náà á sì bá a yí.

Ìyá Ìbejì, Oxleas Wood ni kẹ́ ẹ lọ, lórí Shooters Hill. Bọ́ọ̀sì 89 àti 486 máa ń gba ibẹ̀ kọjá, tàbí kẹ́ ẹ wọ rélùwéè dé Falconwood. Ilé tíì kan wà lókè pápá Oxleas, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Pápá náà á máa rọra dà yín lọ sísàlẹ̀, ẹ wọnú igbó, ẹ mú ọ̀nà tó fẹ̀, tó gba abẹ́ àwọn igi óákù. Ẹ yí i po. Tẹ́ ẹ ò bá yà síhìn-ín sọ́hùn-ún, bíi kìlómítà 3 ni. Pápá yẹn lẹ máa padà gùn lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, ẹ rìn ín, kò sẹ́ni tó ń wò yín. Tíì ti ń dúró dè yín lókè.

Igbó àtayébáyé ni o. Nígbà kan ìjọba fẹ́ la títì ńlá gba inú rẹ̀ kọjá, torí afárá tí wọ́n fẹ́ ṣe sórí odò Thames. Àwọn ará àdúgbò kọ̀ jálẹ̀, wọ́n jà á títí, ní 1993 ìjọba jáwọ́.

Àrẹ̀mú_Plumstead:

Ẹ̀gbọ́n Ẹsẹ̀Yá, ẹ ò mà sọ ti ẹrẹ̀ o! Arábìnrin ní ẹrẹ̀ ń ba òun lẹ́rù, ẹ wá rán an lọ sórí amọ̀. Amọ̀ London gan-an ló wà lábẹ́ Oxleas. Tó bá ti di oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta, ẹrẹ̀ ibẹ̀ á bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni, á tún gba ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ọn. Òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ bú ní Lesnes yẹn ló ń jẹ́ kí omi ráyè lọ. Òjò á rọ̀ mọ́jú, tó bá fi máa di ọ̀sán ilẹ̀ ti ń gbẹ.

Ẹsẹ̀Yá:

Ìyẹn náà, òótọ́ ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pín in. Láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹsàn-án, Oxleas. Tí òtútù bá dé, Lesnes, àmọ́ kí ẹ má ṣe ti ìsàlẹ̀ wọ ọ́. Ẹ lọ sókè lápá Bostall Heath, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kẹ́ ẹ sá eré yín níbẹ̀ láàárín àwọn igi. Tí ara bá ti gbà á, ẹ lè wá sọdá Knee Hill lọ sínú Lesnes. Green Chain kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tó bá ní okun lè tẹ̀ lé e láti Thamesmead, kó gba Lesnes, kó gba Bostall, kó já sí Oxleas, àmọ́ ìyẹn ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ̀lẹ̀ tá à ń sọ yìí.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà:

Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ẹ̀rọ ìsáré wà ní jíìmù, iná wà, fáànù wà, tẹlifíṣọ̀n wà. Kò sí ajá, kò sí amọ̀. Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí?

Ẹsẹ̀Yá:

Jíìmù dára, èmi náà máa ń lọ tí yìnyín bá bo ilẹ̀. Àmọ́ lórí ẹ̀rọ yẹn, bákan náà lẹsẹ̀ ń balẹ̀ ṣáá. Nínú igbó, ẹsẹ̀ kan á balẹ̀ lórí ewé, èyí tó tẹ̀ lé e á balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, ilẹ̀ á tẹ̀ sósì díẹ̀, á tẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀. Àwọn iṣan kéékèèké tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ á máa ṣiṣẹ́, iṣẹ́ kò sì ní dá lórí ojú kan ṣoṣo lórúnkún. Ilẹ̀ náà rọ̀ ju kọnkéré lọ. Yàtọ̀ síyẹn, tẹ́ ẹ bá wà lórí ẹ̀rọ, ojú yín ò ní kúrò lára àago rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tí mo bá lò níbẹ̀, lójú mi ọjọ́ kan ni.

ÌyáÌbejì_SE2:

Ẹ ṣé gan-an ni o, ẹ̀yin bàbá. Ẹ ti wá fi mí sáàárín òkúta àti amọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó la wà báyìí, ẹ jẹ́ n ti Oxleas bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè mi kan ṣẹ́kù. Tí mo bá sáré ìṣẹ́jú méjì, èémí mi á ti fẹ́ tán, ọkàn mi á máa lù kìkì. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Ìgbà wo ló máa wá dẹrùn?

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìgbìyànjú. Mi ò ní dá sí ti òkúta àti amọ̀, èyí tẹ́ ẹ bèèrè kẹ́yìn yìí ló kàn mí. Ẹ ń sáré jù ni. Kò sí nǹkan míì.

Eré tó yẹ yín ni èyí tẹ́ ẹ fi lè máa bá ẹnì kejì yín tàkúrọ̀sọ lẹ́nu ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń já bọ́ lẹ́nu yín, ẹ ti ń lé nǹkan, ẹ dẹwọ́. Tẹ́ ẹ bá sì lè kọ orin kan láti orí dé ègbè, ẹ fi díẹ̀ kún un. Lójú àwọn tó ń kọjá, á dà bíi pé ẹ kàn ń yára rìn ni. Ẹ jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀. NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó ń mú èémí yára díẹ̀, ìrìn kánmọ́kánmọ́ wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ń rìn tó tún ń sáré lábẹ́ igi ń ṣe é dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ètò tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé, ẹ wa Couch to 5K ti NHS sórí fóònù yín, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ 9 ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ó kọ́kọ́ rìn kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ó máa sáré fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó rìn fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ogún ìṣẹ́jú á fi pé. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí yín lẹ́yìn pé ẹ gbọ́dọ̀ parí ẹ̀ lọ́sẹ̀ 9. Ẹ tún ọ̀sẹ̀ kan ṣe títí á fi mọ́ lára. Nínú igbó ẹ fi kinní kan kún un: tí fóònù bá ní kẹ́ ẹ sáré, tó wá jẹ́ òkè ló wà níwájú yín, ẹ rìn. Ọkàn yín ò mọ̀ bóyá eré lẹ ń sá tàbí òkè lẹ ń gùn, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́ lójú tiẹ̀.

Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò mọ èyí tí wọ́n fún yín. Tó bá jẹ́ bisoprolol tàbí irú rẹ̀ ni, ó máa ń dẹ ìlù ọkàn, torí náà ẹ má fi iye tí aago ọwọ́ bá kọ díwọ̀n ara yín, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n. Tó bá jẹ́ amlodipine ni, ó lè mú ọrùn ẹsẹ̀ wú. Ẹ má lọ rò pé bàtà ló fà á, ẹ sọ fún dókítà. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Tí àyà dídùn náà ò bá lọ, 999 ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe pásítọ̀.

BabaKékeré_Bódìjà:

Ẹ̀yin ará Ìlú Ọba, ẹ mà ń jayé o. Ẹ fi ẹ̀ẹ̀rùn ṣe àsìkò eré! Níbí, kí oòrùn tó yọjú la ti máa ń parí tiwa. Ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ti máa ń sáré, igi pọ̀ níbẹ̀, àfẹ̀mọ́júmọ́ ibẹ̀ tutù nini. Tí aago mẹ́jọ bá fi lù, ooru á ti gbé yín gbẹ. Igbó gidi wà ní IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn níbí, ọgbà yẹn tó hẹ́kítà 1,000, àtọdún 1967 ni ilé iṣẹ́ náà ti wà. Àmọ́ géètì wà níbẹ̀, kì í ṣe ibi téèyàn kàn ń wọ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé.

Ẹ̀yin ará Èkó ńkọ́? Mo gbọ́ pé Lekki ní igbó.

Ará_Àjàh:

Ó ní in, bàbá. Lekki Conservation Centre, láti 1990, hẹ́kítà 78. Owó ìwọlé lẹ máa kọ́kọ́ san. Ọ̀nà tó wà nínú ẹ̀, pákó ni wọ́n fi tẹ́ ẹ kọjá lórí ilẹ̀ tó rin; tí òjò bá ti rọ̀, pákó yẹn á máa yọ̀. Afárá olókùn tó wà lókè igi, mítà 401 ni gígùn rẹ̀, ó sì ń mì. Kò sí ẹni orí rẹ̀ pé tó máa sáré níbẹ̀. Àwọn ọ̀bọ wà, tí wọn ò ní gbójú kúrò lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá mú bísíkíìtì. Ìrìn ló yẹ ibẹ̀, kẹ́ ẹ mú àwọn ọmọ dání. Tí mo bá fẹ́ sáré, àdúgbò wa ni mo ti ń sá a, ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, pẹ̀lú àwọn ọlọ́dẹ tó ń kí mi.

Dárà_Òṣogbo:

Ẹ̀yin àgbà, Igbó Ọ̀ṣun ńkọ́? Ọ̀nà ibẹ̀ dára, igi bò ó dáadáa.

BabaKékeré_Bódìjà:

Ọmọ mi, ojúbọ nìyẹn. Pé UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005 ò sọ ọ́ di pápá eré. Tó o bá débẹ̀, rọra rìn, kí àwọn tó o bá níbẹ̀, kó o wo ohun tó o fẹ́ wò. Wá pápá ilé ìwé kan sá eré tìẹ.

ÌyáSùlìá:

As-salamu alaykum, ẹ̀yin ará. Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ajá, èmi ò tiẹ̀ bẹ̀rù ajá tó èèyàn. Ṣé obìnrin lè dá wọnú igbó yẹn? Ọkọ mi ti ní àfi kí òun tẹ̀ lé mi, bẹ́ẹ̀ òun gan-an kò lè sáré dé ẹnu ọ̀nà. Èkejì, híjáàbù ni mo máa ń wọ̀. Ṣé ẹnì kan ti gbìyànjú ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́:

Wa alaykum salam, ìyá mi. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, èrò pọ̀ ní Oxleas ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ: àwọn alájá, àwọn arúgbó tó ń rìn, àwọn tó ti àwọn ọmọ sínú kẹ̀kẹ́. Ìgbà tí mi ò jẹ́ dá wọ ibẹ̀ ni ìrọ̀lẹ́ ìgbà òtútù. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn á ti wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin, abẹ́ igi a sì máa ṣókùnkùn ṣáájú ìta. Tí mo bá dá lọ, mo máa ń fi ibi tí mo wà ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp, kó máa rí mi bí mo ṣe ń lọ, mi ò sì ń ki nǹkan bọ etí méjèèjì. Ó yẹ kí n máa gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ bá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Híjáàbù kò dí yín lọ́wọ́. Èyí tó kúrú, tó fúyẹ́, tó máa ń tètè gbẹ, ni kẹ́ ẹ lò. Kọ́tìnnì ò dára, tí òógùn bá mu ún á wúwo, á sì máa tutù mọ́ yín lọ́rùn. Jìlìbáàbù gígùn ni mi ò ní dábàá, ẹ̀gún etí ọ̀nà á máa fà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ wíìgì náà, mò ń bá yín wí: ẹ fi sílé.

Alájá_Welling:

Wọ́n ti bú ajá tó, ẹ jẹ́ kí alájá náà fèsì. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú àwọn ajá inú igbó yẹn, wọ́n máa ń tú okùn lọ́rùn wọn. Eré tẹ́ ẹ ń sá gan-an ló ń pè wọ́n. Ohun tó bá ń sá, ajá fẹ́ lé e, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúwàbí tó. Tí ajá bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ dúró, tàbí kẹ́ ẹ rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má gbé e sókè, torí ó máa rò pé ẹ mú nǹkan ìṣeré dání, á sì fò mọ́ yín. Ẹ má tẹjú mọ́ ojú ẹ̀. Ẹ má ké "Jésù!" Ariwo yẹn ló máa ń ta á jí. Ẹ sọ fún olówó ẹ̀ pé kó pè é, ohùn jẹ́jẹ́, àmọ́ kó le díẹ̀. Á ní, "Ó kàn fẹ́ bá yín ṣeré ni." Ẹ ní ẹ ò fẹ́ ṣeré. Kò sí àrífín níbẹ̀, òfin wà lẹ́yìn yín: ajá tí apá olówó rẹ̀ kò ká, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ilẹ̀ yìí.

ÌyáÌbejì_SE2:

Èyí tẹ́ ẹ ní kí n má ké "Jésù" yẹn, mi ò lè ṣèlérí.

Ẹsẹ̀Yá:

😂 Ẹ jẹ́ n sọ ti bàtà kó tó di pé ẹ náwó dànù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kánfáàsì ìsáré tẹ́ ẹ fi ń sá lójú títì ti tó. Ti òtútù ló gba èyí tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín gidi, tó lè di amọ̀ mú. Ẹ má ra èyí tí ìka yín ń kan iwájú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ á máa yọ́ síwájú, èékánná ló sì máa jìyà rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti wọnú igbó, ẹ má wo ẹsẹ̀ yín, ẹ máa wo iwájú bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ ju ti ojú títì lọ. Gbòǹgbò óákù máa ń la ojú ọ̀nà kọjá. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti họ ọ́ títí ó fi ń dán, tí ìrì bá wá sẹ̀ sí i, bí ọṣẹ ni. Ẹ fo orí ẹ̀ dá, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Nínú oṣù Kẹwàá àti Ìkọkànlá, ewé á ti bo gbogbo ẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ rìn jù.

Èsìsì wà létí ọ̀nà o, ẹ mọ̀ ọ́n nílé, ti ibí náà ń jóni. Ṣòkòtò gígùn ló dára. Eégbọn náà tún wà nínú koríko gígùn àti ewé gbígbẹ, láti ìgbà ìrúwé títí wọ ìgbà ìwọ́wé. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti ìbàdí. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ fi ẹ̀mú tó ní ṣóńṣó dì í mú níbi tó ti sún mọ́ awọ ara jù lọ, ẹ fà á sókè tààrà, láì lọ́ ọ. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi iná sí i bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ajá lábúlé. Tí ibẹ̀ bá wá pọ́n, tó sì ń tóbi roboto láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà, torí àrùn Lyme tí eégbọn máa ń kó ranni. Lára àwọ̀ dúdú tiwa, pípọ́n yẹn kì í hàn kedere, torí náà ẹ fọkàn sí i.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́:

Èyí tí Ẹsẹ̀Yá sọ kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Lára wa, ó lè dà bí ibi tó kàn ṣú ju ara tó kù lọ, tàbí kó dà bí ojú ibi tí èèyàn fara gbá.

Àrẹ̀mú_Plumstead:

Ẹ ti sọ ti èsìsì, ẹ ti sọ ti eégbọn, ẹ fẹ́ lé arábìnrin yìí padà sójú títì ni. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn. Nínú oṣù Kẹta, daffodil inú igbó máa ń tanná ní Lesnes, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbìn o, àwọn tó hù fúnra wọn. Wọ́n kúrú, wọ́n sì rọra pọ́n bí òroǹbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí àwọ̀. Nígbà tó bá máa di ìparí oṣù Kẹrin, bluebell á gba ilẹ̀, gbogbo abẹ́ igi á di aláwọ̀ aró. Ẹ dúró lójú ọ̀nà nígbà yẹn. Tí ẹni tó ń sáré lẹ́yìn yín bá fẹ́ kọjá, ẹ dúró gbọnin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kó kọjá, ẹ má bọ́ sínú òdòdó. Tí wọ́n bá tẹ ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó sọjí, wíwú u sì lòdì sófin.

Àwọn odídẹ́ aláwọ̀ ewé náà wà lókè igi, agbo ńlá. Wọ́n ń pariwo bí ìgbà tí owó ọjà bá dàrú láàárín àwọn obìnrin. (Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi, ẹ máa bọ̀.)

ÌyáSùlìá:

Àwa obìnrin ti gbọ́. Owó tiẹ̀ náà máa dàrú láìpẹ́.

ÌyáÌbejì_SE2:

Ẹ̀yin ará, mo ti lọ o! Oxleas ni. Mo débẹ̀ láàárọ̀ àná. Mo bẹ̀rẹ̀ níbi ilé tíì, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú pápá bí Ẹsẹ̀Yá ṣe júwe ẹ̀. Bí mo ṣe wọ abẹ́ igi báyìí, ara mi tutù lójijì, mi ò gbọ́ ariwo mọ́tò mọ́ àfi fìn-ìn lọ́nà jíjìn. Mo ń sáré, mò ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́, bí Nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n fi mọ̀ bóyá mo ń lé nǹkan. Bàbá òyìnbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn yọ sí mi lójijì níbi tí ọ̀nà ti wọ́, ó gbọ́ "Baba o, o tóbi" látẹnu mi, ó fi fìlà kí mi. Ajá kan wá, ó dúdú, ó tóbi. Mo dúró, mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó gbóòórùn bàtà mi, ó bá tiẹ̀ lọ. Mi ò ké. Mo kàn gbàdúrà nínú ni.

Ibì kan wà tí ọ̀nà ti pín sí mẹ́ta tí kò sì sí òpó. Èwo ni mo gbọ́dọ̀ mú níbẹ̀? Mo tẹ̀ lé ìyá kan tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ni mo fi jáde.

Ẹsẹ̀Yá:

Ẹ káre láé! Èyí tó fẹ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kẹ́ ẹ máa mú nígbàkigbà. Àwọn tóóró yẹn, inú igbó ni wọ́n ń rìn káàkiri. Ọ̀nà tí ìyá ọlọ́mọ bá lè ti kẹ̀kẹ́ gbà, ẹ̀yin náà lè sáré gbà á.

ÌyáSùlìá:

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ọkọ mi ti gbà, ó ní òun á jókòó sí ilé tíì.

ÌyáÌbejì_SE2:

Ẹ máa bọ̀, ìyá mi. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, iwájú ilé tíì. Aago mẹ́sàn-án o, kì í ṣe aago mẹ́sàn-án ti òde ìgbéyàwó. Nọ́ọ̀sì, Àrẹ̀mú, ṣé ẹ̀ ń bọ̀?

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́:

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe lọ́jọ́ Ẹtì. Tí mo bá jí, ẹ ó rí mi. Ẹ mú omi dání.

Àrẹ̀mú_Plumstead:

Mò ń bọ̀, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù ká mi sílẹ̀ tá a bá ń gun pápá yẹn padà.